Ààwẹ̀ Méjì ní Aké

Ẹ̀yin ará Ìkẹ́rẹ́, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè tí gbogbo yín ń bi mí láti ìgbà tí mo ti dé. Rárá, mi ò gun òkè Olúmọ. Mo rí i láti ìsàlẹ̀, mo kí i, a sì fi ara wa sílẹ̀ ní àlàáfíà. Abẹ́ òkè ni wọ́n bí èmi náà sí. Kí ni mo tún fẹ́ lọ máa wá lórí òkè olókè? Ohun tí mo bá lọ sí Abẹ́òkúta kò ga tó Olúmọ, ṣùgbọ́n ó le ju Olúmọ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà mọ Àǹtí Morẹ́nikẹ́. Ó fẹ́ ará Ẹ̀gbá, ó ṣe tíṣà níbẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì, ọkọ rẹ̀ kú, ó sì jókòó sí ilé ọkọ rẹ̀ ní Aké. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Ìbùkún, ló fẹ́ Ràṣídì, ọmọ ìdílé Mùsùlùmí kan tó ti ń ṣòwò aṣọ láti ayé bàbá ńlá wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n so yìgì, wọ́n sọ Ìbùkún ní Àmínà. Àǹtí kò lọ síbẹ̀, kò sì bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ mọ́. Ní báyìí Ìbùkún ti bímọ ọkùnrin, wọ́n ti kó o jáde, ìyá rẹ̀ kò sì tíì fojú kan ọmọ náà, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà ò jìn láàárín ilé méjèèjì.

Ẹ̀gbọ́n wa àgbà pè mí. "Délé, ìwọ lẹnu rẹ dùn. Lọ bá wa mú Àǹtí rẹ lọ rí ọmọ ọmọ rẹ̀. Lẹ́ńtì la wà yìí. Bí kò bá dárí jì wọ́n nínú Lẹ́ńtì, ìgbà wo ló fẹ́ dárí jì wọ́n?"

Ojú ọ̀nà

Ní Ìbàdàn ni mo ti ra ẹ̀pà àti gúgúrú, mo wọ ọkọ̀ Abẹ́òkúta, mo sì jókòó lẹ́bàá fèrèsé bí ẹni tó ni ọkọ̀. Bí mo ṣe ju ẹ̀pà àkọ́kọ́ sẹ́nu báyìí, màmá tó jókòó tì mí ní, "Ẹ kú ààwẹ̀ o, sà."

Ọdún tí mò ń sọ yìí, Lẹ́ńtì àti Ràmàdánì wọnú ara wọn. Ẹni tí kò bá gba ti ibí, ó ń gba ti ọ̀hún. Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn, ètè gbogbo èrò ọkọ̀ gbẹ. Mo ní, "Àmín," pẹ̀lú ẹ̀pà lábẹ́ ahọ́n.

Kí ẹ má bàa rò pé kèfèrí ni mí, èmi náà ń gba Lẹ́ńtì. Ẹran ni mo fi sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni àárín èmi àti ẹja ti gún régé.

Mo rọra ń jẹ ẹ̀pà mi bí olè. Ṣùgbọ́n ẹ̀pà tó bá yan gbẹ, kò mọ bí wọ́n ṣe ń pa àṣírí mọ́. Ó ró kàù! Ààfáà kan tó jókòó níwájú yíjú padà, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun báláú.

"Ẹ máa jẹ ẹ̀pà yín, arákùnrin. Arìnrìn-àjò ni yín. Ọlọ́run yọ̀ǹda fún arìnrìn-àjò."

"Ẹ ṣé, sà. Ṣùgbọ́n Kìrìsìtẹ́ẹ́nì ni mí."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Tiyín ńkọ́? Wọn ò yọ̀ǹda fún arìnrìn-àjò?"

Mo ronú títí. "Sà, mi ò bi wọ́n."

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Màmá ẹ̀gbẹ́ mi na ọwọ́. "Ẹ kó o wá, ẹ jẹ́ n bá yín tọ́jú ẹ̀ kí ẹ̀rí ọkàn má pa yín. N ó fi ṣínu." Ó kó ẹ̀pà, ó kó gúgúrú, ó so wọ́n mọ́ etí ìró. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ ní Ọ̀dẹ́dá, ó gbàdúrà fún mi ní ìdúró, pẹ̀lú ẹ̀pà mi nídìí aṣọ. Bí mo ṣe wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbá nìyẹn o, pẹ̀lú ìbùkún àti ebi.

Aké

Ìlú tí wọ́n kọ́ sáàárín àpáta, kò sí ilé ọ̀rẹ́ tí ènìyàn ń lọ tí kò ní gùn, tí kò ní sọ̀. Páànù àwọn ilé Aké ti pọ́n bí epo, ògiri wọn sì nípọn bí ẹni pé ogun ṣì ń bọ̀. Mo bi onígbàjámọ̀ kan léèrè ilé Tíṣà. Ẹ̀gbá yẹn kò fọwọ́ júwe o. Ó fi abẹ ìgẹrun sílẹ̀, ó ní, "Ẹ ká lọ." Oníbàárà rẹ̀ tó ti fá apá kan orí náà dìde, ó tẹ̀ lé wa, aṣọ ìgẹrun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ṣé àbúrò Tíṣà ni yín?" oníbàárà náà bi mí.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ wá bá wa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n lọ rí ọmọ náà ni?"

Ó yà mí lẹ́nu. Àṣé gbogbo àdúgbò ló ń retí ẹni tí yóò wá. Mo ní mo kàn wá kí wọn ni. Àwọn méjèèjì wo ara wọn. "Ẹ kú iṣẹ́ o," onígbàjámọ̀ ní. "Iṣẹ́ ńlá ni."

Àǹtí wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ta ló rán ọ?" Kò tíì kí mi káàbọ̀.

"Kò sẹ́ni tó rán mi, Àǹtí. Mo ní kí n wá bá yín gba Lẹ́ńtì ni."

"Ìwọ Délé? Gba ààwẹ̀?" Ó fi ìka méjì mú horo gúgúrú kan kúrò láyà ẹ̀wù mi, ó gbé e síwájú imú mi. "Èyí ńkọ́? Ó ń gbààwẹ̀ lọ sí ibì kan ni?"

Nígbà tí oòrùn wọ̀, ó gbé oúnjẹ kalẹ̀. Ó funfun, ó rí roboto, èéfín ń rú lórí rẹ̀. Ọkàn ọmọ Èkìtì sọ nínú mi: iyán! Mo bu òkèlè pẹ̀lú ìgbàgbọ́. Kí n tó mọ̀, ó ti kọjá lọ́fun mi láìkí ẹnikẹ́ni.

"Àǹtí, iyán yín rọ̀ o."

"Láfún ni, òpè. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi ṣe é."

"Iyán dà?"

"Ó wà ní Ìkẹ́rẹ́."

Kí n tó kúrò níbẹ̀, mo ti ń béèrè láfún lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ẹ má sọ fún ìyàwó mi.

Lẹ́yìn oúnjẹ, a kúnlẹ̀ fún àdúrà. Àǹtí gbàdúrà fún ìjọba, ó gbàdúrà fún àwọn aláìsàn, ó pe orúkọ ẹ̀yin ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan títí dé orí ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè ìkíni. Ó wá dé ibi tó yẹ kí orúkọ Ìbùkún wà. Ó dákẹ́ díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fo gọ́tà. Ó fò ó.

Mo ní, "Àǹtí, ẹ fo ẹnì kan."

"Àdúrà ta ni? Tèmi àbí tìẹ?" Ó jókòó sórí àga, ó ń fọwọ́ pa orúnkún. "Délé, má rò pé nítorí mọ́sálásí ni. Bàbá ọkọ mi gan-an, Mùsùlùmí ni, ó sì nífẹ̀ẹ́ mi dọ́jọ́ ikú. Orúkọ yẹn ni. O mọ iye ọdún tí èmi àti bàbá rẹ̀ fi sunkún kí a tó rí ọmọ tí a ó sọ ní Ìbùkún? Ọjọ́ tí mo gbọ́ lójú títì pé Àmínà ni wọ́n ń pè é, àfi bíi pé wọ́n tún sin bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì."

Ẹnu tí ẹ ní ó dùn yẹn, mo fi í béèrè ibi tí n ó sùn.

Abọ́ ògì

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, kí ládàánì tó pe ìrun, ẹnì kan dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa. Ràṣídì ni. Ọkùnrin gíga tí ẹ̀rín kì í wọ́n lójú rẹ̀, ó gbé abọ́ tó ní ìdérí dání.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Mọ́mì. Ìyá mi ní kí n gbé ògì ìṣínu wá."

Láti inú yàrá, Àǹtí dáhùn, "Gbé e kalẹ̀." Kò jáde.

Ògì gbígbóná ni, àkàrà sì wà nínú àwo kékeré lórí rẹ̀. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí Ràmàdánì ti bẹ̀rẹ̀ ni abọ́ yìí ti ń wá, nítorí pé Àlàájà, ìyá Ràṣídì, gbọ́ pé àna òun náà ń gbààwẹ̀. Àǹtí kò fọwọ́ kàn án rí. "Délé, bá mi jẹ ẹ́ kó má ṣòfò." Ọ̀rọ̀ ẹbí ni, mi ò lè kọ̀. Lẹ́yìn náà ni Àǹtí yóò fọ abọ́ náà títí yóò fi máa dán, yóò sì gbé e sórí pèpéle de ọjọ́ kejì. Lófìfo.

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. A kì í dá abọ́ àna padà lófìfo. Ó kéré tán, ẹ̀kún ọwọ́ iyọ̀, tàbí ọsàn kan, tàbí obì. Abọ́ òfìfo, ọ̀rọ̀ ni, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ rere. Lójoojúmọ́ ni Ràṣídì ń gbé e, tí ń wo inú rẹ̀, tí ń bò ó padà, tí ń dọ̀bálẹ̀ fún ilẹ̀kùn.

Mo sìn ín dé ìsàlẹ̀ lọ́jọ́ kan. "Ọmọ ńkọ́?"

"Ó wà, sà. Ohùn rẹ̀ le. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé omi ìwẹ̀ jáde nìkan, gbogbo Aké ló máa gbọ́." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì dé ojú rẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má jẹ́ kó sú yín o. Kò tíì sú èmi."

Ọwọ́ mi

Mo ní ọ̀rẹ́ kan ní Ìtòrí tí a jọ kàwé. Mo lọ kí i, ó sì fi iṣu ńlá kan sìn mí padà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, nígbà tí Àǹtí lọ sí ìpàdé àdúrà, mo din dùndú, mo jẹ ẹ́ dé ibi tí ara lè gbé e dé. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, tí Àǹtí ò tíì padà, Ràṣídì dé. Mo na ọwọ́ sí abọ́ orí pèpéle kí n gbé e fún un, ó fúyẹ́. Ẹ̀yin ará ilé, mi ò ronú rárá. Ọwọ́ tí ìyá wa kọ́ ni. Mo kó dùndú tó kù sínú rẹ̀, mo dé e, mo nà án sí i.

Ó gbà á. Ó dúró. Ó tún fọwọ́ wọ̀n ọ́n.

"Bọ̀ọ̀dá, nǹkan wà nínú ẹ̀."

"Ẹ̀n. Dùndú díẹ̀ ni."

Ẹnu rẹ̀ là. Ó gbàgbé láti dọ̀bálẹ̀, ó sáré sọ̀kalẹ̀, jálàbíà rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Mo rò pé ebi ààwẹ̀ ló ń lé e.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Àǹtí ń gbálẹ̀ nígbà tí ohùn kan gba ìsàlẹ̀ wá: "Àna mi! Àna mi dá mi lóhùn!" Ìyá àgbàlagbà kan ló ń bọ̀, ọ̀pá lọ́wọ́ ọ̀tún, èjìká Ràṣídì lọ́wọ́ òsì. Onígbàjámọ̀ wà lẹ́yìn wọn, ó ní òun kàn ń kọjá lọ ni.

"Nígbà tí wọ́n gbé abọ́ dé," Àlàájà ní, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, "mo ní kẹ́nikẹ́ni má ṣí i. Èmi fúnra mi ni mo ṣí i. Mi ò fi nǹkan mìíràn ṣínu lánàá o, àna mi. Dùndú yín ni mo fi ṣínu. Ẹ ṣé. Ọlọ́run á gba ààwẹ̀ yín."

Àǹtí rọra yíjú sí mi. Ojú yẹn, mo ti rí i rí, nígbà tí ó ń kọ́ wa ní kíláàsì kẹta ní Ìkẹ́rẹ́, kó tó lọ sílé ọkọ.

Ó la ẹnu. Mo mọ ohun tó fẹ́ sọ, òótọ́ sì ni: kì í ṣe òun ló fi dùndú síbẹ̀. Ó wo ètè ìyá náà tó ti gbẹ, ó wo òkè tó gùn wá. Ó pa ẹnu dé.

"Ẹ jókòó, Àlàájà. Oòrùn ti ń mú."

Àlàájà jókòó, ó sì na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Ìka rẹ̀ ti ká kọ́lọkọ̀lọ bí atalẹ̀. "Ẹ wo ọwọ́ mi. Mi ò lè di ọmọ mú nínú omi mọ́, á yọ̀ bọ́. Àwọn ìyàwó ilé ní àwọn á máa bá Ìbùkún wẹ̀ ẹ́, mo ní kò sóhun tó jọ ọ́. Ìjókòó ìyá ìyá ọmọ nìyẹn. Bí mo bá fún ẹlòmíràn, tí wọ́n bá wá délé mi lọ́la, ibo ni n ó ní kí wọ́n jókòó sí?"

"Ta lẹ pè?" Àǹtí ní.

"Ìbùkún ni. Ìyàwó mi."

"Mo gbọ́ pé Àmínà ló ń jẹ́."

"Ìyẹn wà níwájú lémọ́ọ̀mù." Àlàájà rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin lẹ bí ọmọ, ẹ sọ ọ́ ní Ìbùkún, ṣé bí ó bá wọlé mi, ká wá ti Ìbùkún síta? Gbogbo ìgbà tí mo bá pè é, àdúà ni mò ń ṣe sílé mi."

Àǹtí fi etí ìró nu ojú. Ó ní èéfín ni. Kò sí iná níbẹ̀ o.

Àlàájà kò bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun kò wá pè é, ọpẹ́ dùndú ni òun wá dú. Ó gbá ọ̀pá rẹ̀ mú, ó lọ.

"Délé."

"Mà."

"Ṣé o tilẹ̀ fi iyọ̀ sí i?"

"Mo fi sí i, mà."

"Ó kéré tán." Ó gbé ìgbálẹ̀ padà.

Láti ìrọ̀lẹ́ yẹn, abọ́ kò lọ lófìfo mọ́. Àǹtí fúnra rẹ̀ ló ń fi ọsàn sí i. Ṣùgbọ́n kò lọ sí ilé náà. Nínú àdúrà, ó dé ibi gọ́tà yẹn, ó dúró pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ó fò ó.

Ọjọ́bọ̀ Mímọ́

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣíwájú Àjíǹde, àlùfáà máa ń wẹ ẹsẹ̀ àwọn méjìlá nínú ìjọ gẹ́gẹ́ bí Olúwa ti wẹ ti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Lọ́dún náà, Àǹtí wà lára wọn. Láti ọ̀sán ló ti ń fi kànìnkànìn ha ẹsẹ̀.

"Àǹtí, bí ẹ bá wẹ̀ ẹ́ mọ́ tó báyìí, kí lẹ fi sílẹ̀ fún àlùfáà?"

"Ṣé kí n gbé erùpẹ̀ Aké lọ bá ìránṣẹ́ Ọlọ́run ni?" Ó fi òróró pa á. Ó dá mi lójú pé bí gbogbo àwọn méjìlá náà ṣe ń ṣe nìyẹn, kò sí ẹsẹ̀ tó mọ́ tó tiwọn ní gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní ọ̀sán yẹn.

Ó wọ funfun láti òkè délẹ̀, a jáde. Ọ̀nà méjì ló lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Èyí tó yá gba iwájú ilé Àlàájà kọjá. Láti ọjọ́ tí mo ti dé, èyí tó jìn la ń gbà. Lọ́jọ́ náà, Àǹtí yà sí èyí tó yá. Ó ní bàtà ń ta òun. Mo tẹ̀ lé e.

A dé iwájú géètì, ẹkún ọmọ sì ta jáde. Àǹtí dúró.

"Omi ti tutù," ó ní.

"Mà?"

"Omi tí wọ́n fi ń wẹ̀ ẹ́. Gbọ́ ọ. Kì í ṣe ẹkún ebi."

Agogo ṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Ó wo ọ̀nà agogo. Ó wo géètì. Ó kó Bíbélì àti ìwé orin rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó sì wọlé.

Ìbùkún wà lórí àpótí ní àárín àgbàlá, ọmọ náà ń yọ̀ nínú ọṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì jọ ń sunkún. Ó rí ìyá rẹ̀. "Mọ́mì." Ó fẹ́ kúnlẹ̀ tòun tọmọ.

"Má kúnlẹ̀! O fẹ́ sọ ọmọ mọ́lẹ̀ ni? Dìde lórí àpótí yẹn." Àǹtí bọ́ bàtà, ó ká aṣọ funfun náà dé orúnkún, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe. "Gbé e wá. Ràṣídì, omi gbígbóná!"

Ó tẹ́ ọmọ náà sórí ojúgun rẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbé orí rẹ̀ ró, ó bu omi sí i lára díẹ̀díẹ̀, ó fọ abẹ́ ọrùn, ó fọ abíyá, ó na apá, ó na ẹsẹ̀. Ẹkún náà dá. Ọmọ náà la ojú, ó wò ó, ó sín.

"Ta ló kọ́ ọ pé kó o máa di ọmọ mú bí ẹja? Sún mọ́ ibí. Wo ọwọ́ mi, Ìbùkún."

Orúkọ náà bọ́ sílẹ̀ láàárín omi àti ọṣẹ bí ẹni pé kò lọ síbì kankan rí. Ìbùkún sún mọ́ ọn. Ó kàn ń wo ọwọ́. Ọmọ náà ló dáhùn: ó tọ̀, ó ga, ó sì bọ́ sí àyà aṣọ funfun.

"Yéè! Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì!" Ràṣídì ké.

"Pa ẹnu mọ́. Ṣé o rí ọba tó ń tọrọ àyè kó tó tọ̀?"

Nígbà tó parí, ó fi aṣọ wé ọmọ náà, ó gbé e fún Ìbùkún, ó sì jókòó síbẹ̀, omi àti ọṣẹ ń ṣàn lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sínú àgbàlá. Agogo ti dákẹ́. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ lọ́hùn-ún, àga kan sì ṣófo.

Àlàájà jáde láti inú ilé, tówẹ́ẹ̀lì ní èjìká. Ó fi ọ̀pá ti ara ògiri, ó rọra lọ sílẹ̀ títí ó fi jókòó sí ilẹ̀ níwájú Àǹtí, ó sì fi ọwọ́ tó ká yẹn gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sórí itan.

"Àlàájà! Kí lẹ̀ ń ṣe? Ẹ dìde, ẹ dàgbà jù mí lọ!"

"Ẹ jókòó jẹ́ẹ́, àna mi. Ilẹ̀ ń yọ̀."

Ó nù ún, ó nu àárín ọmọ ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò kánjú. Mo ní ẹ̀fẹ̀ kan lẹ́nu, ẹ̀fẹ̀ náà dára. Mo gbé e mì.

Àǹtí wò ó títí. Lẹ́yìn náà, ó na ẹsẹ̀ kejì sí i.